Ọjọ́ Tí A Pààrọ̀ Ẹ́ńjìnnì ní Ẹ̀yìnkùlé Ọ̀gá Dáníẹ̀lì

Mo ti dìde lórí àga yìí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó kọ gbólóhùn kìn-ín-ní. Mo kọ́kọ́ lọ wò ó bóyá mo ti ilẹ̀kùn. Mo tún lọ bu omi tí òǹgbẹ rẹ̀ kò gbẹ mí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mi ò mọ ohun tí mo lọ ṣe. Ìyàwó mi máa ń sọ pé bí ikú bá fẹ́ mú mi, yóò kọ́kọ́ lọ kọ́ eré sísá. Bí mo ṣe rí láti kékeré nìyẹn, ẹ bá mi fara dà á. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà mi ní ìlú Ìyàrá, tí ẹ ń béèrè pé iṣẹ́ wo ló yẹ kí èèyàn kọ́, mi ò lè fẹnu sọ ọ́ tán fún yín, nítorí n kì í dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan. Mo ti lẹ táyà, mo ti tú ẹ́ńjìnnì, mo ti fún ọkọ̀ ní afẹ́fẹ́ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Ohun tí iṣẹ́ náà fi ojú mi rí ni mo fẹ́ kọ, títí kan èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Ó ń gbin iṣu, ó ń gbin kọfí, ó sì fẹ́ kí n di olùkọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ìró lọ́rì lójú ọ̀nà Kàbà, màá ju ọkọ́ sílẹ̀ láàrin ebè, màá sáré lọ wò ó. Bàbá mi nà mí títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kan ó jókòó sórí ebè, ó ní, "Ohun tí ò ń sá tẹ̀ lé yìí, màá kúkú mú ọ lọ fún un." Bó ṣe mú mi dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Dáníẹ̀lì ní Kàbà nìyẹn, nígbà tí ó ku bí ọdún mẹ́jọ kí Nàìjíríà gba òmìnira. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n dá fún mi. Ìyókù ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ kò nítumọ̀ mọ́.

Ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ ni Ọ̀gá Dáníẹ̀lì ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ páànù tí òpó mẹ́rin gbé ró. Ó ti bá àwọn bàtúrè, àwọn òyìnbó tó ń la ọ̀nà, ṣiṣẹ́ rí, ìgbà tí àgọ́ wọn sì túká, ó kó àwọn irin tí wọn kò fẹ́ gbé lọ wálé. Ọkùnrin gíga ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ẹni tó le tó o. Sáàmù kan la máa ń kà láràárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan sípánà. Bí sípánà bá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ, wàá mú un nílẹ̀, wàá nù ún, wàá sì kí i bí ẹni ń kí àgbà: "Okun o." Ojú ọ̀nà ni ọ̀gá máa ń wò bí o bá ń kí i, kò ní rẹ́rìn-ín. Àwọn dẹ́rẹ́bà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo kí sípánà ju bí mo ṣe kí bàbá mi lọ.

Etí rẹ̀ ni àwọn èèyàn ń torí rẹ̀ wá. Láti Lọ́kọ́ja, láti ilẹ̀ Yàgbà, láti apá Èkìtì, wọ́n á gbé lọ́rì tó ń ṣòjòjò wá síwájú ilé rẹ̀. Ọ̀gá á fi ìdí sípánà gígùn kan kan ẹ́ńjìnnì, á fi orí kejì kan egungun ẹ̀yìn etí rẹ̀, á di ojú. Tó bá yá, á ní, "Fáàfù kejì ni," tàbí kó ní, "Béárìn iwájú ti ń jẹ." A ó tú u, bẹ́ẹ̀ náà la ó sì bá a. Ó fẹ́ kí èmi náà ní irú etí bẹ́ẹ̀. Á tan ẹ́ńjìnnì, á ní kí n jókòó tì í, kí n má mú nǹkan kan dání.

"Kí lo gbọ́?"

"Ẹ́ńjìnnì ni, ọ̀gá."

"Gbogbo ẹni tó ń kọjá lọ lójú ọ̀nà ló gbọ́ ìyẹn. Padà lọ jókòó."

Màá padà lọ jókòó, ẹsẹ̀ mi á sì máa gbọ̀n bíi pé ilẹ̀ gbóná. "Ìdí rẹ kì í gbélẹ̀, Fẹ́mi," ó máa ń sọ. "A kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná." Mo kórìíra òwe yẹn nígbà náà. Títí di òní mi ò fẹ́ràn ẹ̀.

Nínú gbogbo irin ẹ̀yìnkùlé náà, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ló fún wa ní wàhálà jù. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ̀yin tí kò rí irú rẹ̀ rí. Táǹkì irin gbọọrọ kan ni, tó dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin. Páǹpù wà lórí rẹ̀ tó ń ki afẹ́fẹ́ bọ inú táǹkì, ẹ́ńjìnnì ló sì ń fi bẹ́líìtì yí páǹpù náà. Láti inú táǹkì la ti ń fi rọ́bà gba afẹ́fẹ́ sínú táyà. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wá láti àgọ́ àwọn bàtúrè ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, nítorí náà ọ̀gá fi ẹ́ńjìnnì kékeré kan rọ́pò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń fa omi láti odò. Kò lágbára. Bí táǹkì bá ti ń kún, ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, á mì tìtì, á sì kú. Táyà kẹ̀kẹ́ kò ṣòro fún un. Ṣùgbọ́n bí táyà lọ́rì bá dé, ìlàjì ni yóò ṣe, a ó sì fi páǹpù ọlọ́wọ́ parí ìyókù títí apá á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Aago tó yẹ kó sọ bí afẹ́fẹ́ inú táǹkì ṣe pọ̀ tó kò ní ọwọ́ mọ́ nígbà tí ọ̀gá gbé e wálé. Báwo la ṣe wá ń mọ̀ pé ó ti kún? Ìyàwó ọ̀gá ni aago wa. Ìyé ni gbogbo wa ń pè é. Ọmọ ilẹ̀ Bùnù ni, aṣọ híhun sì wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ láti ìran dé ìran. Òfì rẹ̀ dúró nàró mọ́ ògiri lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọjú sí ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá ti wò ó fínnífínní, ó rí i pé bí a bá tan ẹ́ńjìnnì, ìgbà tí Ìyé bá fi máa hun aṣọ tó ìka mẹ́rin, táǹkì ti kún. Kì í yára jù, kì í falẹ̀ jù. Bí ó bá hun ún tán, á fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, á ní, "Ó ti tó o," a ó sì pa ẹ́ńjìnnì. Ní Kàbà nígbà náà, bí dẹ́rẹ́bà bá bi ọ́ pé ìgbà wo ni táyà òun máa yá, ìka ni wàá fi dá a lóhùn. "Ìka mẹ́jọ ló kù." Á lọ wá nǹkan jẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn mí ló kàn yìí. Lórí táǹkì náà, fáàfù kékeré kan wà tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, tí á tú u dà síta kí táǹkì má bàa bẹ́. Sípíríìnì inú rẹ̀ ti rẹ̀. Kò tíì tó àkókò ni yóò ti máa sú fèè, tí ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tí a fi ìyà kó jọ á máa lọ. Ọ̀gá ní kí n tú u, kí n fọ̀ ọ́, kí n wá bí mo ṣe máa na sípíríìnì náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣe déédéé. Iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan ni, iṣẹ́ ìjókòó. Ọ̀gá lọ sóko lọ́jọ́ náà. Mo tú fáàfù náà, mo nà án lẹ́ẹ̀mejì, kò ṣe é, inú bí mi. Mo ju sípíríìnì rẹ̀ sínú igbó. Mo wá bóòtù kan tó bá ihò rẹ̀ mu, mo mú òwú díẹ̀ nídìí òfì Ìyé, mo wé e mọ́ bóòtù náà, mo fi dí ihò náà, mo dè é pinpin, mo sì fi ìdérí fáàfù bò ó lórí kí ó lè jọ ti tẹ́lẹ̀.

Nígbà tí ọ̀gá dé, ó gbọ́ pé kò sú fèè mọ́. Ó fi ọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "O jókòó tì í lónìí." Ní ọdún márùn-ún, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó yìn mí. Ó dùn mọ́ mi débi pé n kò rí òótọ́ sọ. Mo ní lọ́la màá sọ ọ́. Ọ̀la dé, ó tún yìn mí níwájú àwọn dẹ́rẹ́bà.

Bóòtù náà kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan fún ọdún kan gbáko, ìdí rẹ̀ sì rọrùn. Ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára yẹn kò lè ki afẹ́fẹ́ dé ibi tí táǹkì fi máa bẹ́. Yóò kú kí ó tó débẹ̀. Àìlágbára rẹ̀ ló ń ṣọ́ wa, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀.

Ọdún kẹfà dé, ara mi kò gbà á mọ́. Fíríìdọ̀mù mi ni mo ń rò tọ̀sántòru. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò tú u sílẹ̀ níwájú ẹbí pẹ̀lú àdúrà, kò sí dẹ́rẹ́bà tó máa gbé ọkọ̀ fún un, láti Kàbà títí dé Kàdúná. Kàdúná gan-an ni mo sì fẹ́ lọ. Jónà, dẹ́rẹ́bà kan láti Ẹ̀júkù tó máa ń ná ọ̀nà náà, ti sọ fún mi pé ọkọ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí eéṣú. Mo lọ bá ọ̀gá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ọdún mẹ́fà ti ń pé.

"Ọdún kọ́ ni mo ń kà," ló wí. "Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá fún táyà lọ́rì ní afẹ́fẹ́ láìsinmi, láìlo páǹpù ọlọ́wọ́, ọjọ́ náà ni màá tú ọ sílẹ̀. Wá bí ó ṣe máa rí bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì la nílò. Jónà ló bá wa rí i. Ó ní ọkùnrin kan wà ní Ìfẹ̀ ti ilẹ̀ Ìjùmú tí ọlọ rẹ̀ ti fọ́, èyí tó fi ń lọ àgbàdo, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le koko. Ọ̀gá lọ fi etí gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó padà wálé pẹ̀lú ẹ̀rín, ohun tí a kì í sábà rí. "Kò ní àárẹ̀ kankan lára," ó ní. Jónà fi lọ́rì rẹ̀ gbé e wá, ọkùnrin mẹ́rin ló sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fi tò ó. Ẹ wò ó, ẹ̀yin tó ń wá iṣẹ́ kọ́, ibi tí iṣẹ́ wa ti dùn nìyẹn. A gbẹ́ pákó ìrókò fún ìdí rẹ̀, nítorí ó ń mì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A fi okùn wọ̀n ọ́n kí púlì ẹ́ńjìnnì àti ti páǹpù lè wà lójú ìlà kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ́líìtì á máa já. Ọ̀gá ní kí n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà, mo sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́fà, èmi Fẹ́mi. Ara mi ń yá. Mo ti ń rí Kàdúná. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa tan án, ọ̀gá yí ẹ̀rọ náà po, ó ń fi ìka tọ́ka sí ohun kọ̀ọ̀kan, èmi sì ń dá a lóhùn.

"Bẹ́líìtì?"

"Ó le, ọ̀gá."

"Òróró?"

"Ó kún."

"Fáàfù orí táǹkì?"

Mo rántí bóòtù náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rántí rẹ̀ dáadáa, kì í ṣe pé mo gbàgbé. Mo tún rántí pé bí mo bá sọ ọ́, sípíríìnì mìíràn di dandan, láti Lọ́kọ́ja tàbí ibòmíràn, ó lè gba oṣù kan tàbí méjì. Wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí bàbá mi pé kí ó wá lọ́jọ́ kejì.

"Ó péye, ọ̀gá," mo wí.

Ó mi orí, ó bọ́ sí ohun tó kàn.

Bàbá mi dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú iṣu àti obì, ó wọ agbádá tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Jónà ti gbé lọ́rì rẹ̀ kalẹ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti rọ̀ pátápátá. Àwọn aládùúgbò wá wòran. Ìyé jókòó sídìí òfì rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ọ̀gá sì kọjú sí i. "Okun o, Ìyé," ó ní. "Ìka mẹ́rin." Bí ó ṣe wí nìyẹn, kò sì sí ẹnì kan nínú gbogbo wa tí ó rò pé ẹ́ńjìnnì tuntun nílò ìka tuntun. Ìka mẹ́rin la ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá. Ta ló máa yí i padà?

Mo fa okùn, ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn rẹ̀ wú, ó dọ́gba, inú gbogbo èèyàn dùn. Jónà ń fi èdè Hausa pariwo pé ọ̀gá, ó ti parí: "Kàì, mẹ̀gídá! Ṣíkẹ́nan!" Kò wúkọ́. Ó ti kọjá ibi tí èyí àtijọ́ ti ń wúkọ́, kò tilẹ̀ yí ohùn padà. Ọ̀gá mú sípánà gígùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi orí kan kan táǹkì, ó fi orí kejì sí ẹ̀yìn etí, ó di ojú. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ bí ó ṣe ń kún. Mo wo Ìyé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun ìka méjì. Mo rí ọ̀gá tí ó la ojú lójijì, ó sì yíjú sí mi. Mi ò mọ ohun tí ó gbọ́. Ó ya ẹnu láti sọ ọ́.

Táǹkì náà bẹ́ láti ìdí, níbi tí ìpẹtà ti jẹ ẹ́. Ìró yẹn, mi ò ní gbìyànjú láti júwe rẹ̀. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, òpó kan ti ṣubú, páànù ti ká kò, òwú òfì Ìyé ti já wálẹ̀ gbogbo. Bàbá mi wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń pe orúkọ mi. Kò sẹ́ni tó kú. Ọ̀gá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàrin àgbàlá, ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín ń ṣàn láti etí rẹ̀ méjèèjì sí ọrùn, ó sì ń wo ẹnu wa bí a ṣe ń sọ̀rọ̀.

Kò gbọ́ ohunkóhun mọ́ láti ọjọ́ náà. Olùtọ́jú aláìsàn ní kí a mú sùúrù, bóyá á padà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ kò dúró de sùúrù. Ní ọjọ́ kẹrin ó ní kí n tan ẹ́ńjìnnì lọ́rì Jónà, ó gbé sípánà sẹ́yìn etí, ó di ojú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé sípánà náà fún mi, ó wọlé lọ.

Gbogbo Kàbà ló mọ ohun tó fà á: ìka mẹ́rin. Ẹ́ńjìnnì tó lágbára ìlọ́po mẹ́rin, wọ́n sì fi ìka àtijọ́ wọ̀n ọ́n. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jà. Ọ̀gá náà gbà bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún bàbá mi, pẹ̀lú ohùn tí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ mọ́, pé àṣìṣe òun ni, òun tí òun jẹ́ ọ̀gá kò ronú. Ṣùgbọ́n Ìyé ló gbé e rù. Ó ní, "Mo rí i pé ìró rẹ̀ yàtọ̀. Mo kàn ń hun lọ. Ó yẹ kí n ti ní ó ti tó." Kò jókòó sídìí òfì mọ́. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí á máa wo ọkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì pín ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi mọ́ ara wọn lọ́wọ́, mo sì ń wò wọ́n. Mo ti wá bóòtù náà nínú eruku, mo ti rí i, mo sì ti sọ ọ́ sínú ihò ṣáláńgá.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n yára sọ ìyókù iṣẹ́ ayé mi. Mo dé Kàdúná. Mo bá ilé iṣẹ́ kan ṣe, mo fi í sílẹ̀. Mo lọ Jọ́ọ̀sì, mo padà sí Lọ́kọ́ja, mo tún lọ Kàdúná. Kò sí ibi tí mo lò ju ọdún mẹ́ta lọ. Mo rí ìgbà tí mótò iná mànàmáná rọ́pò ẹ́ńjìnnì lórí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì tí yóò pa ara rẹ̀ bí táǹkì bá kún. Mo rí ìgbà tí táyà kò ní rọ́bà inú mọ́. Mo kọ́ èèyàn mọ́kànlá níṣẹ́, mo sì tú gbogbo wọn sílẹ̀. Wọ́n á sọ fún yín pé mo le lórí fáàfù ju orí ohunkóhun lọ. Ọdọọdún ni mo ń lọ kí ọ̀gá àti Ìyé ní Kàbà títí àwọn méjèèjì fi kú. Iṣẹ́ náà dára, ẹ kọ́ ọ.

Mo tún ti dìde. Mo ti padà jókòó. Mo fo ibì kan, ẹ sì ti mọ̀ pé mo fo ó.

Ọ̀gá tú mi sílẹ̀. Oṣù kan lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ó ní òun ṣèlérí, ẹ́ńjìnnì náà sì lágbára tó, táǹkì ni kò tó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá mi dúró nítorí àṣìṣe òun. Ó gbàdúrà lé mi lórí níwájú ẹbí wa. Mo dúró tì í fún oṣù mẹ́ta sí i, kí n lè máa bá a gbọ́ ohun tí àwọn oníbàárà ń sọ. Síléètì la ń lò. Màá kọ ọ́ sórí rẹ̀: bẹ́líìtì ti já, dẹ́rẹ́bà ní iwájú ló ń dún. Á kà á, á sì sọ ohun tí a máa ṣe. Èmi tí n kì í jókòó, mo jókòó fún oṣù mẹ́ta, kò sí alẹ́ kan tí mo sùn dáadáa.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń lọ sí Kàdúná, mo bá a nínú àgbàlá, ó ń fọ sípánà. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo sì sọ ọ́. Mo fi ẹnu sọ ọ́, gbogbo rẹ̀. "Ọ̀gá, èmi ni. Mo fi bóòtù dí fáàfù. Ẹ bi mí, mo ní ó péye. Èmi ni mo gba etí yín." Omi ń bọ́ lójú mi. Mo mọ̀ pé kò gbọ́. Ìdí tí mo fi lè sọ ọ́ nìyẹn. Ó rò pé ìdágbére ni, ó ń mi orí.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyé dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ ọ.

Ó di ilẹ̀kùn mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó jáde pẹ̀lú síléètì àti ṣọ́ọ̀kì, ó sì gbé méjèèjì lé mi lọ́wọ́. "Kọ ọ́ fún un," ó wí. "Ohun tí o sọ yẹn, kọ ọ́."

Mo mú ṣọ́ọ̀kì. Ìyé dúró tì mí títí mo fi kọ ọ́ tán, ó ń wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe ń fà á. Ìyé kò mọ̀wé. Ohun tí mo kọ ni: *Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Ọlọ́run yóò san án fún yín.*

Ọ̀gá gba síléètì náà, ó kà á pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń ka ohun gbogbo. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì fi ohùn rara rẹ̀ wí pé, "Máa lọ lálàáfíà, ọmọ mi. Kò sí nǹkan kan láàrin èmi pẹ̀lú rẹ."

Ìyé bú sẹ́kún. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó di ọwọ́ mi mú. "Ṣé o rí i?" ó ní. "Mo mọ ọkọ mi. Mo mọ̀ pé yóò dárí jì ọ́. Ó ti tán nìyẹn, Fẹ́mi. Ṣé ara ti fúyẹ́?"

Jónà ń fọn fèrè lójú ọ̀nà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyé," mo wí, mo gbé àpótí mi, mo sì sáré lọ bá ọkọ̀.